Ìjì Yìnyín Ń Bọ̀, Ìpàdé Kò sì Ṣeé Sún: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tó Wà fún Arìnrìnàjò Òwò ní Amẹ́ríkà

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kìíní, àbúrò mi kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rán wá láti Èkó pè mí láti Boston. Ó ti parí iṣẹ́ tí ó bá lọ síbẹ̀, ó sì ní ìpàdé mìíràn ní Washington ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ìjì yìnyín ti ń dún lórí fóònù rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kúkú háyà mọ́tò kí n máa wà á lọ? Wọ́n ní kò ju wákàtí mẹ́jọ lọ." Mo bi í bóyá ó ti wa mọ́tò lórí yìnyín rí. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n òun ti wa ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru nínú òjò. Mo ní kí ó má tíì háyà ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ ka ìkìlọ̀ náà fún mi dáadáa, kí á mọ̀ bóyá yìnyín ni ó ń bọ̀ ni tàbí òjò tí ó ń dì.

Ìdí tí mo fi bèèrè bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà kan tí ó dára ju gbogbo ìyókù lọ nígbà gbogbo. Irú ohun tí ó ń já bọ́ láti òkè àti wákàtí tí ẹ ṣe ìpinnu yín ni ó ń sọ èyí tí ẹ máa yàn nínú bàlúù, ọkọ̀ ojú irin, mọ́tò, hòtẹ́ẹ̀lì àti ìpàdé orí ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, owó lè má rí i rà mọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Boston dé Washington, ni mo mọ̀ jù, ibẹ̀ ni mo sì máa gbé ọ̀rọ̀ mi kà, ṣùgbọ́n n ó mẹ́nu kan Buffalo, Chicago àti Atlanta níbi tí ó bá ti yẹ.

Kí ni ó ń bọ̀ gan-an?

Yìnyín ni àwa Yorùbá ń pe ohunkóhun tí ó bá dì tí ó sì ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ yan ọ̀nà gbọ́dọ̀ ya mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni èyí tí ó fúyẹ́ bí òwú, tí àwọn ènìyàn wa níhìn-ín ń pè ní sìnóò. Èkejì ni òjò tí ó ń rọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n tí ó ń dì ní kété tí ó bá kan títì, ẹ̀ka igi, wáyà iná tàbí apá bàlúù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní blizzard, tí ó jẹ́ yìnyín pẹ̀lú ẹ̀fúùfù líle. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí ojú ọjọ́ fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í sì í lo orúkọ ẹ̀kẹta yìí àfi bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré tó máìlì 35 ní wákàtí kan, tí ènìyàn kò ríran kọjá ìdámẹ́rin máìlì, tí èyí sì ń bá a lọ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán.

Sìnóò nìkan kì í ṣe ìṣòro ńlá fún àwọn pápákọ̀ òfurufú ìhà àríwá, nítorí wọ́n ní ọkọ̀ tí ń gbá a kúrò lójú ọ̀nà bàlúù, wọ́n sì ní omi tí ń yọ́ ọ kúrò lára bàlúù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ óò rí ọkọ̀ kan tí ó na apá gígùn sókè, tí ọkùnrin kan wà nínú àpótí kékeré lórí apá náà, tí ó ń fọ́n omi gbígbóná aláwọ̀ ọsàn lu apá bàlúù títí tí yìnyín yóò fi máa wó bọ́ ní ìṣù ní ìṣù. Lẹ́yìn èyí ni yóò fọ́n omi kejì, aláwọ̀ ewé, tí ó ki tí ó sì ń fà bí ọbẹ̀ ilá, kí yìnyín tuntun má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Omi kejì yìí ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ìlà àwọn bàlúù tí ń dúró láti gbéra bá gùn ju ìṣẹ́jú náà lọ, ẹ óò padà lọ fọ́n òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òjò tí ń dì ni ó ń rọ̀ kíkankíkan, kò sí ìṣẹ́jú kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé omi náà lè fi dáàbò bo bàlúù, nítorí náà bàlúù kò ní gbéra rárá. Òjò yìí kan náà ni ó ń wó igi lu wáyà àti ojú irin, tí ó ń sọ títì di gíláàsì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò náà kì í ṣe ibi ààbò lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá sọ pé òjò tí ń dì ni ó ń bọ̀, ọ̀nà méjì péré ni ó kù: kí ẹ ti kúrò kí ó tó dé, tàbí kí ẹ jókòó síbi tí ẹ wà.

Ẹ má sì wo ìwọ̀n yìnyín lásán láì wo ìlú tí ó máa bọ́ sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2014, yìnyín tí kò pé ínṣì 3 bọ́ sí Atlanta, ní ìhà gúúsù níbi tí yìnyín kò ti wọ́pọ̀, ní ọ̀sán, gbogbo ilé-iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tú àwọn ènìyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títì dì, àwọn kan sun inú mọ́tò mọ́jú, àwọn ọmọ sì sun ilé ẹ̀kọ́. Ínṣì 3 ní Buffalo, ní ìhà àríwá níbi tí yìnyín ti mọ́ wọn lára, wọn kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ẹ tún fi ara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí fóònù yín. Winter Storm Watch túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ìjì náà wáyé, ó sì sábà máa ń jáde ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Winter Storm Warning túmọ̀ sí pé ìjì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tàbí pé ó ti dé. Ìgbà tí Watch bá jáde ni ó yẹ kí ẹ ti yan ọ̀nà yín, nítorí pé nígbà tí yóò fi di Warning, gbogbo àwọn tí ẹ jọ fẹ́ wọ ọkọ̀ ni wọ́n ti mọ̀.

Kí ẹ yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, tàbí kí ẹ dúró kí wọ́n wọ́gi lé e?

Níhìn-ín ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣìnà, nítorí náà n kò ní sáré kọjá. Bí ìjì ńlá bá ń bọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bàlúù Amẹ́ríkà sábà máa ń kéde ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta ṣáájú pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì sí àwọn ìlú kan tí wọ́n dárúkọ lè yí ọjọ́ ìrìnàjò rẹ̀ padà láìsan owó ìjìyà, kódà láìsan ìyàtọ̀ iye tíkẹ́ẹ̀tì, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jókòó sí irú àyè kan náà tí ó sì rìn láàárín àwọn ọjọ́ tí wọ́n là kalẹ̀. Ojú ìwé tàbí áàpù wọn ni wọ́n máa ń gbé e sí. Kò dájú pé wọn yóò pè yín.

Ìhà kejì ni òfin tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìrìnnà ṣe ní ọdún 2024. Ó sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bàlúù bá wọ́gi lé ìrìnàjò, tàbí tí wọ́n bá sún un ní wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Amẹ́ríkà, wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tí ẹ kò sì gba bàlúù mìíràn tí wọ́n fi lọ̀ yín, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó yín padà, ìbáà jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sí lára pé kò sí ìdápadà, ìbáà sì jẹ́ yìnyín ni ó fà á. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni wọ́n fún wọn bí ẹ bá fi káàdì àwìn ra á, ọjọ́ 20 bí ó bá jẹ́ ọ̀nà mìíràn.

Ẹ wá fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹni tí ó bá fagi lé ìrìnàjò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣáájú, kí ilé-iṣẹ́ bàlúù tó sọ ohunkóhun, kì í sábà rí owó gbà bí kò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá. Owó àkọsílẹ̀ tí yóò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́jọ́ iwájú ni wọn yóò fún un. Ẹni tí ó bá dúró kí wọ́n wọ́gi lé e fúnra wọn yóò rí owó rẹ̀ gbà pé pérépéré, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni yóò jọ máa wá àyè tí ó kù ní bàlúù ọ̀la pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ tètè yí ọjọ́ padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrètí pé yìnyín lè yà gba ibòmíràn tàn yín jẹ. Bí ìrìnàjò náà kò bá sì wúlò mọ́, ẹ mú sùúrù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́gi lé e. Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ yín rà nípasẹ̀ aṣojú ìrìnàjò, aṣojú náà ni ẹ máa pè. Òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí káńtà pápákọ̀ lè sọ pé òun kò lè fọwọ́ kàn án, owó tí wọ́n bá sì dá padà, orí káàdì tí wọ́n fi rà á ni yóò lọ.

Ohun mìíràn tí kò hàn sójú ni pé ìjì lè kọjá kí wàhálà ṣì kù. Nínú ìjì oṣù Kejìlá 2022, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàlúù ti gbéra nílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Southwest wọ́gi lé nǹkan bíi ìrìnàjò 16,900 títí di ìparí oṣù náà, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 ni ó sì kàn, nítorí pé ètò tí wọ́n fi ń pín àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú bàlúù sí ẹnu iṣẹ́ ti dàrú. Ìjọba àpapọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 140 dọ́là lé wọn ní ọdún tó tẹ̀lé e. Kódà níbi tí ètò kò bá ti dàrú, òfin kò gbà kí awakọ̀ òfurufú méjì tí ó jọ wa ọkọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ju wákàtí 9 sí 14 lọ, gẹ́gẹ́ bí àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bá ṣe rí, ìdí nìyí tí bàlúù tí wọ́n ti ń sún ní ìdajì wákàtí ní ìdajì wákàtí láti ọ̀sán fi lè di èyí tí wọ́n wọ́gi lé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí yìnyín ti dá. Láàárín bàlúù àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, mo yan ti òwúrọ̀, torí pé bàlúù náà sábà máa ń sun pápákọ̀ yẹn mọ́jú, kò dúró de kí ó ti ìlú mìíràn dé. Láàárín èyí tí ó lọ tààrà àti èyí tí ó yà ní Chicago, bí yìnyín bá wà ní Chicago, kò sí àfiwé.

Bàlúù àti ọkọ̀ ojú irin

Láàárín Boston, New York, Philadelphia, Baltimore àti Washington, ọkọ̀ ojú irin Amtrak ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí wọ́n bá ti sọ pé sìnóò ń bọ̀. Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 457 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ tí ó yára jù níbẹ̀, Acela, ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta láti New York sí Washington, ó sì ń lo nǹkan bíi mẹ́rin láti New York sí Boston. Lójú ìwé, bàlúù ló yára jù, nítorí kì í lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìrìn láti àárín ìlú dé pápákọ̀, àyẹ̀wò ẹrù, dídúró de omi aláwọ̀ ọsàn àti ìrìn láti pápákọ̀ kejì wọ inú ìlú, ìyàtọ̀ náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kódà lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Lọ́jọ́ yìnyín, ọkọ̀ ojú irin lè fa ẹsẹ̀, kí ó pẹ́ ní wákàtí kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbéra, ó ń lọ nìyẹn. Ẹ sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ bá wù ú láti ṣiṣẹ́.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Wáyà iná tí ó wà lókè ojú irin ni ó ń fún ọkọ̀ náà lágbára, nítorí náà igi kan tí ó bá wó lu wáyà lè dá gbogbo ọ̀nà dúró. Amtrak fúnra rẹ̀ máa ń dín iye ọkọ̀ kù kí ìjì ńlá tó dé, bí àyè bá sì ṣe ń tán ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ń gòkè, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó rọjú ní àárọ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ní alẹ́. Ohun tí mo sọ yìí kò sì kan ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn. Láti New York sí Chicago, ọkọ̀ ojú irin ń lo nǹkan bí ogún wákàtí nígbà tí ojú ọjọ́ dára, apá tí ó pọ̀ jù nínú ojú irin náà sì jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kó ẹrù. Ní oṣù Kìíní 2022, ọkọ̀ Amtrak kan tí ń ti New Orleans bọ̀ ní New York há sí ẹ̀bá Lynchburg ní ìpínlẹ̀ Virginia fún ohun tí ó lé ní wákàtí 24, nítorí àwọn igi tí yìnyín wó sójú irin. Fún Chicago, bàlúù tí ẹ sún síwájú ní ọjọ́ kan sàn jù ú lọ.

Ní ti bọ́ọ̀sì, ó dínwó, ṣùgbọ́n ojú títì kan náà ni òun àti mọ́tò ń gbà, ohun tí ó bá sì dá mọ́tò dúró yóò dá a dúró.

Mọ́tò tí ẹ máa wà fúnra yín

Ìjì kan náà tí ó há ọkọ̀ ojú irin mọ́ Lynchburg ni ó há ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò mọ́ títì I-95 ní Virginia, lórí ìwọ̀n bíi máìlì 48, láti ọjọ́ 3 di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní. Ìrìn wákàtí méjì ni Sẹ́nétọ̀ Tim Kaine rò pé òun fẹ́ rìn láti Richmond sí Washington. Wákàtí 27 ni ó lò, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ìdílé kan tí ó ń ti Florida bọ̀ ló ń rìn láàárín àwọn mọ́tò tí ó ti dúró, tí wọ́n ń pín ọsàn fún àwọn ènìyàn. Bí sẹ́nétọ̀ kò bá rí ẹni yọ ọ́, kí ni ti àjèjì tí ó háyà mọ́tò ní pápákọ̀?

Mo mọ̀ pé mọ́tò ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwa Yorùbá, torí pé ẹni tí ó ti já Ojúẹlẹ́gbà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ a máa rò pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òwe náà kò bá yìnyín mu. Ní ojú títì tí ó ti dì, ẹ lè tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀ kí mọ́tò máa yọ̀ lọ bí ẹni pé ẹ kò tẹ ohunkóhun. Mọ́tò tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣèrànwọ́ láti gbéra, kì í ṣèrànwọ́ láti dúró. Èyí tí ó burú jù ni omi dídì tí ó mọ́ gaara, tí ó rí gẹ́lẹ́ bí títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí i lóru.

Ẹ tún rántí pé ìjọba lè ti títì pa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 2016, ìlú New York fi òfin de gbogbo mọ́tò tí kì í ṣe ti pàjáwìrì, ní oṣù Kejìlá 2022 sì ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Buffalo, níbi tí ìjì náà ti pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì, tí àwọn kan nínú wọn kú sínú mọ́tò. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti lè yan mọ́tò ni ìrìn tí kò ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ, ní ojú mọmọ, kí ìjì tó dé, tí ó sì jẹ́ sìnóò nìkan ni wọ́n kéde. Bí ẹ bá sì há, ẹ má ṣe jẹ́ kí yìnyín bo ẹnu páìpù tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn mọ́tò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ fún ìgbóná. Gáàsì tí ń pa ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé, òun náà ni yóò padà sínú mọ́tò. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ gbá yìnyín kúrò níbẹ̀, kí ẹ tó tún tan án.

Hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pápákọ̀, àti owó tani?

Ní Amẹ́ríkà, bí yìnyín bá ni ó wọ́gi lé bàlúù, òfin kò fi dandan lé ilé-iṣẹ́ bàlúù láti san owó hòtẹ́ẹ̀lì tàbí oúnjẹ yín. Bí ẹ bá ń gbéra láti Paris tàbí Frankfurt, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: òfin 261 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní oúnjẹ àti ibùsùn títí tí ẹ ó fi rí bàlúù mìíràn, ìbáà jẹ́ yìnyín ni ó fà á, ilé-iṣẹ́ bàlúù orílẹ̀-èdè yòówù kí ó jẹ́. Ilẹ̀ Bírítéènì ní irú òfin kan náà. Ohun tí yìnyín ń gbà lọ́wọ́ yín ní Yúróòpù ni owó gbà-máà-bínú, tí ó lè tó 600 yúrò nígbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ń ti New York lọ sí Paris, òfin yìí bo yín bí ilé-iṣẹ́ bàlúù náà bá jẹ́ ti Yúróòpù. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, kò bo yín. Ìyàtọ̀ yìí tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ yan ilé-iṣẹ́ kan ju èkejì lọ nínú oṣù Kìíní.

Ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní láti gbẹ́kẹ̀ lé káàdì tàbí adójútòfò. Àwọn káàdì àwìn kan máa ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ padà bí ìdádúró bá ti pé wákàtí 6 tàbí 12, bí ẹ bá fi káàdì náà ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, títí kan ti tíì àti búrẹ́dì. Adójútòfò tí ẹ bá lọ rà lẹ́yìn tí ìròyìn ìjì náà ti jáde kò ní san ohunkóhun lórí ìjì yẹn. Ní tèmi, ní kété tí Watch bá jáde ni mo ti ń fi àyè pamọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí pápákọ̀, èyí tí mo lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí bàlúù bá gbéra, n ó fagi lé e. Bí kò bá gbéra, n kò ní sí lára igba ènìyàn tí ń pe hòtẹ́ẹ̀lì kan náà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Kí ẹ má sì rò pé alẹ́ kan péré ni: nínú ìjì 2022 yẹn, pápákọ̀ Buffalo kò ṣí títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, nígbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 23.

Ìrìnàjò tàbí ìpàdé orí ẹ̀rọ

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìjíròrò nìkan, Zoom tó o. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ojú rí ẹrù kí ẹ tó sanwó, tàbí pé oníbàárà tuntun ni ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ̀rọ kò lè ṣe é, ẹ kúkú sún ọjọ́ náà. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé ìjì tí ó ń dà yín láàmú lè wà lórí ẹni tí ẹ ń lọ bá náà. Àbúrò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó dé Washington ní ọ̀sán kí ewé yìnyín kan tó bọ́, ó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, inú rẹ̀ sì dùn. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ímeèlì wọlé pé ilé-iṣẹ́ tí ó wá bá kò ní ṣí, kí gbogbo wọn jọ pàdé lórí ẹ̀rọ. Orí bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì ni ó ti ṣe ìpàdé náà, pẹ̀lú táì lọ́rùn àti ṣòkòtò ìsùn nídìí. Ìpè kan ṣoṣo sí ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò pè.

Ìpadàbọ̀ sí Nàìjíríà: tààrà tàbí gba Yúróòpù?

Bí bàlúù tí ó ń lọ tààrà sí Èkó, bíi ti Delta láti Atlanta tàbí ti United láti Dulles, pápákọ̀ kan nítòsí Washington, bá di èyí tí wọ́n wọ́gi lé, òṣìṣẹ́ lè fi ọ̀nà Frankfurt, Paris tàbí Amsterdam lọ̀ yín fún alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó ń dùn mọ́ni, nítorí pé ó dàbí ẹni pé ẹ kò ní pàdánù ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́ ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ìbéèrè méjì tí akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kò ní í bi ara rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, ń bèèrè físà fún ọmọ Nàìjíríà kódà bí kò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀, àfi bí ó bá ní irú ohun bíi físà Amẹ́ríkà tí kò tíì parí tàbí gíríìn káàdì. Èkejì, físà Amẹ́ríkà yìí gbà yín láàyè láti kọjá láti inú bàlúù kan sí òmíràn ni, kò gbà yín láàyè láti wọ ìlú. Bí yìnyín bá há yín mọ́ ibẹ̀ náà, òfin Yúróòpù lè fún yín ní hòtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n bí hòtẹ́ẹ̀lì náà bá wà lẹ́yìn ẹnu ibodè, ẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

London rọrùn díẹ̀ sí i, nítorí ẹni tí ó ní físà Amẹ́ríkà tí ó ṣì wúlò, tí ó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, tí ó sì ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ó dájú fún ọjọ́ kejì, lè bẹ òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè kí ó jẹ́ kí òun wọlé sùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà ni ìpinnu wà. Nítorí náà, bí Yúróòpù náà bá wà lábẹ́ yìnyín ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo máa ń kọ ọ̀nà Schengen, màá sì gba bàlúù tààrà ti ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí n sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà níbi tí mo ti lè jáde lọ ra oúnjẹ.

Ní pápákọ̀ kan ní Yúróòpù, ní alẹ́ kan tí yìnyín dá gbogbo bàlúù dúró, mo rí ìyá kan tí ó tẹ́ ìró àǹkárá rẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ó fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, tí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tí ilé-iṣẹ́ bàlúù fún un sì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Mo kí i pé, "Ẹ kú ìrọ́jú o, mà." Ó na ìwé náà sí mi, ó ní kí n bá òun kà á bóyá wọ́n kọ ọ̀nà tí òun lè gbà dé hòtẹ́ẹ̀lì náà síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni, ìta ilẹ̀kùn ńlá ni ó ti ń gbé èrò, lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè.